Ìwé Ìpìlẹ̀ Gàrí Màmá: Bí A Ṣe Kọ Ọ́ fún AI ní Ìjẹ̀bú-Igbó

Ní ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kẹsàn-án 2025, obìnrin kan pe Màmá láti Ṣágámù. Ó ní òun rí i lórí WhatsApp wọn pé gàrí wọn dára fún ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, òun sì fẹ́ ra kọ́ńgò márùn-ún fún ìyá òun tó ti ń lo oògùn àìsàn náà láti ọdún méje. Ohun kan ṣoṣo tó kù tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá ìyá náà lè máa mu ún láàárọ̀ àti lálẹ́.

Màmá ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Wọ́n dá a lóhùn pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún wọn láàárọ̀ àti lálẹ́ o. Ẹ̀gẹ́ ni gàrí. Ẹ bi dókítà wọn ná, kí ẹ tó ra ohunkóhun lọ́wọ́ mi.” Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí.

Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ náà síta. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni, ó ti rẹ̀ mí, mo ní kí AI, ẹ̀rọ tó ń kọ ọ̀rọ̀ bí ènìyàn, bá mi kọ ìpolówó ìlà mẹ́jọ. Ìlà kẹfà ló wà. Mo kà á, ó dùn létí, mo fi ránṣẹ́. Oúnjẹ tó kún fún sítáàṣì ni gàrí, kì í pẹ́ di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí àìsàn yìí ń bá fínra kò yẹ kó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ẹni tó ń tajà fún un. Ká ní obìnrin yẹn ò pè ni, ká ní ó kàn fi owó ránṣẹ́, bóyá ǹ bá má mọ̀ títí dòní.

Ohun tí a ṣe lẹ́yìn ìpè yẹn ni mo kọ síbí, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ló ń bá ọlọ́jà kọ ìpolówó báyìí, tí a sì ń gbé iṣẹ́ náà fún AI láìfún un ní ohun tó yẹ kó mọ̀.

Ọ̀rẹ́ ìyá mi ni Màmá. Ìjẹ̀bú-Igbó ni ilé gàrí wọn wà, obìnrin mẹ́fà ló ń bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Èmi ń gbé Ìjẹ̀bú-Òde, iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ ìpolówó fún àwọn ọlọ́jà kéékèèké. Láti bí oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí ChatGPT jáde ní ìparí 2022 ni mo ti ń fi AI ṣe é, ó sì ti dín wàhálà mi kù gan-an.

Ẹni tó bá mọ gàrí Ìjẹ̀bú mọ̀ pé funfun ni, hóró rẹ̀ kéré, ó gbẹ, ó sì kan. Ìkan yẹn kì í ṣàdédé wá. Lọ́dọ̀ Màmá, wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á lọ̀ ọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ, wọ́n á dà á sínú àpò, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Jáàkì ni wọ́n fi ń fún omi rẹ̀ dànù. Wọ́n á wá fi asẹ́ kù ú, wọ́n á yan án nínú agbada láìfi epo kàn án. Láàárín ọjọ́ tó fi wà nínú àpò ni àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ń sọ ọ́ di kíkan, àkókò kan náà ni májèlé sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ ń dín kù, fífún àti yíyan á sì tún lé òmíràn lọ. Ẹni tó bá yan tirẹ̀ lọ́jọ́ kejì á tètè rí owó rẹ̀, ṣùgbọ́n gàrí náà ò ní kan.

AI kò mọ ìkankan nínú èyí nípa Màmá. Gàrí lápapọ̀ ló mọ̀, bí àwọn ènìyàn ṣe kọ nípa rẹ̀ kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe ni pé ó ń wo ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀, ó ń ṣírò èyí tó jọ pé ó yẹ kó tẹ̀ lé e. Níbi tí ìmọ̀ rẹ̀ bá ti tán, kì í sábà dúró. Ó ń bá a lọ ní ohùn kan náà, pẹ̀lú ìdánilójú kan náà, títí kan ọ̀rọ̀ àìsàn ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́ Ajé, mo tẹ gbogbo ìpolówó tó ti kọ fún Màmá láti oṣù márùn-ún sórí ìwé, mo mú bírò pupa. Àṣìṣe pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Ó kọ ọ́ níbì kan pé epo pupa ni wọ́n fi ń yan án. Ó ní ó ti ní nọ́ńbà NAFDAC, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ tí a bá dì sínú ọ̀rá, tí a lẹ orúkọ mọ́, gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NAFDAC kó tó dọ́jà, ìwé ti Màmá sì ṣì ń lọ lọ́wọ́. Kọ́ńgò ni wọ́n ṣì fi ń tà. Ó kí àwọn ará Ìjẹ̀bú ní “ọmọ Líṣàbí”. Ẹ̀gbá ló ni Líṣàbí. Ọmọ Alárè ni Ìjẹ̀bú. Àwọn wọ̀nyí ti jáde, mi ò sì rí wọn.

Èyí tó burú jù wà nínú ìpolówó tí a kò tíì fi síta, èyí tí mo ní kó kọ sílẹ̀ de oṣù kejìlá tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú máa ń wálé láti Èkó. Ó gbàdúrà níbẹ̀ kí Awùjalẹ̀, Ọba Sikiru Adétọ̀nà, pẹ́ lórí ìtẹ́. Kábíyèsí ti wàjà ní ọjọ́ 13 oṣù keje 2025, lẹ́yìn tí wọ́n ti wà lórí ìtẹ́ láti 1960. Ibi tí ìmọ̀ ẹ̀rọ náà parí sí ti wà ṣáájú ọjọ́ yẹn, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un. Mo gbé bírò sílẹ̀ nígbà tí mo kan ìlà yẹn. Gbogbo ìlú ṣì ń ṣọ̀fọ̀. Ojú wo ni Màmá ìbá fi wo àwọn oníbàárà wọn?

Kì í ṣe pé mi ò sọ nǹkan fún ẹ̀rọ yìí rí. Mo ti sọ fún un lọ́pọ̀ ìgbà pé gàrí kíkan ni, pé a kì í fi epo sí i. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá ṣí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tuntun ni mo tún ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí mo bá rántí lọ́jọ́ náà ni mò ń sọ. Àwọn kan nínú wọn ti ní ìrántí báyìí, àmọ́ ohun tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ yàn láti rántí kò tó ohun tí ènìyàn ń gbé òwò lé.

Ohun tí a nílò ni ìwé ìpìlẹ̀: ìwé kan ṣoṣo tó sọ ohun tí a ń tà, ẹni tó ń rà á àti ìdí tó fi ń rà á, ohun tó lè mú un kọ̀, ẹni tí a jọ ń du oníbàárà, ohùn tí a fi ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, àti ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ wa. Iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan kì í wọ inú rẹ̀. A ń kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, a ń fún AI kà kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ èyíkéyìí, ìbáà ṣe ìpolówó, ìbáà ṣe èsì fún oníbàárà.

Àṣìṣe tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo ní kí AI kọ ìwé náà fúnra rẹ̀. Ó kọ ojú ewé mẹ́fà tó gún régé. Mo gbé e lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó, mo kà á fún Màmá níbi tí wọ́n jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ asẹ́. Wọ́n gbọ́ ọ dé òpin, wọn ò dá mi lẹ́nu. Wọ́n wá bi mí pé, “Gàrí ta nìyẹn?”

Mo pa á rẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó ní ìsọ̀ wọn pẹ̀lú ìwé kékeré kan.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan wọlé, kò tíì kí wa tán tó ti fi ìka mẹ́ta bu gàrí. Ó dà á sí àtẹ́lẹwọ́ kejì, ó fi àtàǹpàkò rà á, ó fẹ́ ẹ, ó wo bóyá ìyẹ̀fun funfun kù sọ́wọ́ òun. Kò kù. Ó ju díẹ̀ sẹ́nu, ó rún un, ó dákẹ́ bí ẹni tó ń tẹ́tí sí nǹkan. Ó ní, “Ó ń dún. Ẹ wọn mẹ́rin.”

Oṣù márùn-ún ni mo ti fi ń kọ “ojúlówó gàrí tó ta yọ”. Mi ò kọ “ó ń dún” rí. Ọ̀rọ̀ kúkúrú tí obìnrin yẹn fi ra kọ́ńgò mẹ́rin ni mo kọ sí ìlà àkọ́kọ́ nínú abala tí mo pè ní Ọ̀rọ̀ Ẹnu Oníbàárà, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ìmọ̀ràn mi fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ irú ìwé yìí ni kó má ṣe tún ọ̀rọ̀ oníbàárà ṣe. Bí ènìyàn bá ti sọ “ó ń dún” di “ó ní ìró tó ń tẹ́ni lọ́rùn”, ó ti bà á jẹ́.

Àwọn yòókù wá láti inú fóònù. Àbúrò, ọmọ Màmá tó kéré jù, ló ń dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí WhatsApp. A jọ tẹ́tí sí ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti nǹkan bí ọdún kan. Ọkùnrin kan ní Èkó sọ pé, “Èyí tí mo rà níbí ò kan rárá, ẹ̀bà nìkan ló wúlò fún.” Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Àgọ́-Ìwòyè ní gàrí tí òun ò ní ṣa òkúta nínú rẹ̀ ni òun ń wá. Ẹlòmíràn ní òun fẹ́ èyí tí kì í tètè rọ̀ nínú omi, kí òun tó jẹ ẹja tán kó ṣì wà bó ṣe wà. A kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni síbẹ̀, a kò kọ nọ́ńbà fóònù. Ilé iṣẹ́ ẹlòmíràn ni ìwé náà ń lọ tí a bá ti gbé e fún AI, òfin ààbò dátà ti wà ní Nàìjíríà láti 2023, àti pé, òfin wà tàbí kò sí, àwọn ènìyàn wọ̀nyí bá Màmá sọ̀rọ̀ ni, wọn ò bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo béèrè ẹni tí a jọ ń du oníbàárà, mo rò pé Màmá á dárúkọ ilé gàrí mìíràn. Wọ́n ní, “Búrẹ́dì ni. Indomie ni.” Òótọ́ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ebi ń pa ní aago mẹ́wàá alẹ́ kò fi gàrí Màmá wé gàrí ẹlòmíràn. Ohun tí kò gba iná àti àkókò ló ń wá. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń gbé Èkó ló ń fi gàrí wé gàrí. Ọ̀rọ̀ tí a ó bá àwọn méjèèjì sọ kò lè jẹ́ ọ̀kan náà, ìwé ìpìlẹ̀ sì gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń mú ènìyàn kọ̀ jẹ́ méjì. Àkọ́kọ́ ni iye owó, ìdáhùn Màmá sì kúrú: “Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń dúró dè é.” Èkejì ni pé gàrí ń ba ojú jẹ́, ohun tí gbogbo wa ti gbọ́ láti kékeré. Níbí ni mo ti rántí obìnrin Ṣágámù. Ó rọrùn láti kọ pé gàrí tiwa kò lè ba ojú ẹnikẹ́ni jẹ́. A kò kọ ọ́. Ohun tó wà nínú ìwé ni pé bí oníbàárà bá béèrè, kí AI ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe gàrí wa láti orí àpò dé orí agbada, kó dákẹ́ síbẹ̀, kó má ṣèlérí ìlera kankan.

Abala tí mo fi àkókò ṣe jù nìyẹn, àwọn ohun tí a kò gbọ́dọ̀ sọ. Díẹ̀ rèé nínú rẹ̀:

“Má ṣe sọ pé gàrí yìí ń wo àìsàn kankan, tàbí pé ó dára fún ẹni tó ní àìsàn kankan. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ àìsàn, ní kó bi dókítà, kí o sì sọ fún Àbúrò.

“A kì í fi epo yan gàrí wa. Má ṣe pè é ní pupa.

“A kò tíì ní nọ́ńbà NAFDAC. Má ṣe kọ nọ́ńbà kankan.

“Má ṣe ki oríkì ẹnikẹ́ni, má ṣe dárúkọ ọba tàbí olóyè, àyàfi tí a bá kọ ọ́ fún ọ.

“Ohun tí kò bá sí nínú ìwé yìí, béèrè. Má ṣe fi tìrẹ dí i.”

Ìlà ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì ju àwọn tó ṣáájú rẹ̀ lọ, nítorí kò sí bí mo ṣe lè ronú kan gbogbo irọ́ tí ẹ̀rọ lè pa lọ́la.

Ohùn náà kò rọrùn. Nínú ọ̀pọ̀ ìpolówó àtijọ́, AI ń bá gbogbo ènìyàn sọ “o”: “Ṣé o ti ra gàrí rẹ?” Ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún lè ka irú rẹ̀ lórí fóònù ọmọ rẹ̀. Màmá kì í sọ “o” fún oníbàárà, kódà fún ọmọ iléèwé. A kọ ọ́ síbẹ̀ pé “ẹ” ni fún gbogbo ènìyàn, pé ìkíni ló ń ṣáájú ọjà, pé àmì ìyanu kan ti tó nínú ìpolówó kan. A tún fi àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń lò jù síbẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn wọn, torí ẹ̀rọ náà ti kọ “gàrí tó kàn” fún wa rí níbi tó yẹ kó kọ “gàrí tó kan”.

Ìwé àkọ́kọ́ tí a parí jẹ́ ojú ewé mọ́kànlá. Mo ní kí AI fi kọ ìpolówó, ó tún mẹ́nu ba ìlera. Òfin yẹn wà ní ojú ewé keje, lábẹ́ ìtàn bí ìyá Màmá ṣe bẹ̀rẹ̀ òwò. Mo gé ìwé náà kù sí mẹ́ta, mo gbé àwọn ohun tí a kò gbọ́dọ̀ sọ wá sí òkè pátápátá. Yorùbá alámì tún máa ń gba àyè lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, torí wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń gé ọ̀rọ̀ wa sí kí wọ́n tó kà á. Ọ̀rọ̀ tí kò wúlò níbẹ̀ ń jẹ àyè èyí tó wúlò.

Iye owó náà kọ́ mi lọ́gbọ́n. Mo ti kọ iye kọ́ńgò kan sínú rẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ̀gẹ́ gbówó lórí, AI ṣì ń fi iye àtijọ́ dá ènìyàn lóhùn, Màmá sì ta kọ́ńgò mẹ́fà ní iye yẹn nítorí wọn ò fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ tó ti jáde lórúkọ wọn. Láti ìgbà náà, ohun tó ń yí padà kì í wọ ìwé ìpìlẹ̀. Iye owó, ọjọ́ tí ọkọ̀ ń lọ sí Èkó, iye tó wà nílẹ̀: abala ìwé kékeré kan ni wọ́n ní, Àbúrò ló ń tún un kọ láràárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Fáìlì ọ̀rọ̀ lásán ni ìwé náà, láìsí àwọ̀, láìsí àwòrán, pẹ̀lú àkọlé lórí abala kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tí a tún un ṣe kẹ́yìn lókè. Irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ni gbogbo AI ń kà. ChatGPT àti Claude ní ibi tí wọ́n ń pè ní Projects tí ènìyàn lè fi í sí, Gems ni ti Gemini. Mo dán an wò lórí mẹ́ta, pẹ̀lú ìbéèrè márùn-ún kan náà, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fi tìtọ̀ ṣúgà sí i. Kò sí èyí tó sọ pé ó dára. Ọ̀kan ṣì kọ “tó dùn bí oyin”, bẹ́ẹ̀ gàrí kíkan ni. Mo fi ìlà kan kún un.

Ohun tí mi ò retí ni pé àwọn ènìyàn náà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ọmọ Màmá obìnrin tó wà ní Èkó kà á kó tó bá ilé oúnjẹ kan sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń ya àwòrán fún ọ̀rá gàrí náà gbà á lọ́wọ́ wa, ó sì yọ igbá epo pupa tó ti yà sí ẹ̀gbẹ́.

Kí a tó fi ọwọ́ sí i, mo tún kà á fún Màmá, ojú ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n ń dá mi dúró. Níbi tí mo ti kọ pé ògbóǹtarìgì ni wọ́n, wọ́n ní, “Yọ ìyẹn kúrò. Kọ pé ọwọ́ ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ.” Níbi tí mo ti kọ ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n ní kí n kọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, torí nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ tí ooru bá mú, ó máa ń tètè kan. Mo béèrè bóyá ìyẹn ò ní jẹ́ kí ìpolówó náà rọ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá wá sí ilé gàrí lọ́jọ́ kẹta tó bá wọn lẹ́nu agbada ńkọ́?

Mo kọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Nínú oṣù kejìlá, obìnrin Ṣágámù yẹn tún pè. Àbúrò ló gbé fóònù. Ó ní dókítà ti bá ìyá òun sọ̀rọ̀, wọn ò rà fún un mọ́, ṣùgbọ́n òun fẹ́ kọ́ńgò méjì fún ara òun, nítorí pé ẹni tó ń tajà ló ní kí òun má rà. Àbúrò kọ gbólóhùn náà sínú Ọ̀rọ̀ Ẹnu Oníbàárà, ó yí ọjọ́ tó wà lókè ìwé padà, ó sì fi fáìlì tuntun náà ránṣẹ́ sí mi.